Gbèsè Ihò Kan

"Ìyá Mutala, ta ló ń wẹ̀ yín?"

Ojú ọjà Kotobabí ní Àkrà ni Bàbá Àrówólò ti bi Ràṣídátù ní ìbéèrè yìí, lọ́sàn-án gangan, níwájú àwọn oníbàárà, pẹ̀lú kànìnkànìn tí kò tíì sanwó rẹ̀ lọ́wọ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Ràṣídátù ti ń ta ọṣẹ àti kànìnkànìn níbẹ̀. Lọ́dún tó ṣáájú ló ṣubú níbi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tírótíró, eegun ìbàdí rẹ̀ yẹ̀, láti ìgbà náà ọ̀pá ló fi ń rìn. Gbogbo ọjà ló mọ̀. Gbogbo ọjà ló ti kí i kú ewu. Kò sẹ́ni tó bi í ní irú ìbéèrè yẹn rí.

"Ìyá yín ni," ó dáhùn.

"Ìyá mi ti kú ní ogójì ọdún sẹ́yìn," ni bàbá náà wí, ó sì wò ó láti òkè délẹ̀. "Ó ti pẹ́ tí ẹ wẹ̀ nìyẹn."

Ìbéèrè yẹn ló bí ohun tí gbogbo Nímà, àdúgbò Ràṣídátù, kò tíì dẹ́kun sísọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni Bàbá Àrówólò gbé báàfù ńlá kan, irin pẹlẹbẹ tó fúnra rẹ̀ jó pọ̀, wá sí àgbàlá ilé tí Ràṣídátù ń gbé. Báàfù náà ní ilẹ̀kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti mọ́tò. Ó ṣàlàyé fún àwọn ará ilé pé ẹni tí kò bá lè gbé ẹsẹ̀ kọjá etí báàfù, kí ó ṣí ilẹ̀kùn, kí ó rìn wọlé, kí ó jókòó, kí ó ti ilẹ̀kùn, kí omi tó wọlé bá a. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́, kí ó fi hàn àwọn. Ó bọ́ bàtà. Kò bọ́ nǹkan mìíràn, ó ní òun ò lè bọ́ra níwájú àwọn tí kò mọ̀ ju kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ. Tòun ti jálábíà, tòun ti fìlà, ó wọlé, ó jókòó, ó ti ilẹ̀kùn, ó yọ tẹ̀sùbáà rẹ̀ lápò, ó ní kí wọ́n máa da omi. Wọ́n dà á títí ó fi mu ún dé àyà. Ó ń fa tẹ̀sùbáà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ọba tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ.

Ìta ni ilẹ̀kùn náà ń ṣí sí, omi sì mọ ohun tí Bàbá Àrówólò kò tíì mọ̀. "Gbàà!" ni ilẹ̀kùn ṣe. Omi tú jáde, ó gbé bàbá náà ní ìjókòó, ó gbé e kọjá níwájú yàrá àwọn èèyàn tó ń wòran, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ àfi nídìí iná tí Afua ará ilé náà fi ń se wáákyé, ìrẹsì òun ẹ̀wà tí gbogbo àdúgbò máa ń jẹ láàárọ̀. Iná kú fíín. "Ei! Papa Alata!" Afua ké, Alata ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀. "Wáákyé mi o!" Gbogbo ilé rò pé ó ti kú. Bàbá Àrówólò dìde nínú eérú, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó wo báàfù náà lọ́ọ̀ọ́kán.

"Ó kéré tán," ó ní, "kò sẹ́ni tó máa sọ pé ilẹ̀kùn yẹn ò ṣeé ṣí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹlòmíràn fi jókòó sílẹ̀. Ràṣídátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lórí àpótí, ó ń wo omi bí ó ti ń ṣàn lọ sínú gọ́tà. Ìwẹ̀ tirẹ̀ ló ń ṣàn lọ yẹn.

Afeefah, ìyàwó Mutala ọmọ rẹ̀, ló ń wẹ̀ ẹ́. Ọmọ dáadáa ni Afeefah. Ṣùgbọ́n bí ẹni ń fọ ìkòkò tí ọbẹ̀ jóná sí ló ṣe ń wẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ a sì máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í wo ìhòòhò ìyá ọkọ rẹ̀. Ibi tí kò wò ni kì í mọ́. Ilé ìwẹ̀ kan náà ni gbogbo àgbàlá ń lò, páànù ni ògiri rẹ̀, àwọn tó ń dúró a sì máa fi ìka kan páànù: "Màmá ò tíì tán ni?" Ohun tí Ràṣídátù máa ń rò nígbà náà korò. Ọmọ tuntun ni wọ́n ń wẹ̀, òkú ni wọ́n ń wẹ̀. Òun kì í ṣe ọmọ tuntun. Kí ló wá kù?

Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ láyé: kí òun wọlé, kí òun ti ilẹ̀kùn, kí òun fọwọ́ ara òun wẹ ara òun, kí ẹnikẹ́ni má rí òun. Kò sọ ọ́ fún ọmọ, kò sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́. Bàbá Àrówólò nìkan ló béèrè, ó sì lọ béèrè é láàárín ọjà.

Ẹni tí kò bá mọ Bàbá Àrówólò tẹ́lẹ̀ yóò rò pé àánú ló ń ṣe é. Irọ́ ni. Táǹkì omi ló ń jó kí ó tó di alábáàfù. Bàbá tó bí i ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Sabon Zongo ni wọ́n bí òun sí, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ iṣẹ́ irin. Nígbà kan, ilé tó bá ga ní Àkrà, táǹkì rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. Nígbà tó yá, táǹkì oníke dúdú dé, kì í dípẹtà, kò wúwo, kò sì wọ́n. Iṣẹ́ rẹ̀ kú. Usamah, ọmọ rẹ̀, ní kí àwọn kúkú máa ta oníke. Bàbá náà ní, "Ṣé kí n máa ta ohun tó pa mí ni?" Usamah ń ta oníke. Bàbá rẹ̀ jókòó ti irin, irin ń dípẹtà, òun náà ń dípẹtà. Ìgbà tó wá rí Ràṣídátù pẹ̀lú ọ̀pá lọ́jà, kì í ṣe obìnrin tó ń jìyà ló kọ́kọ́ rí, táǹkì tí èèyàn lè jókòó sínú rẹ̀ ló rí. Ràṣídátù mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì dùn ún. Àwọn tó rí obìnrin tó ń jìyà ti rí i tán. Wọ́n ti ní "pẹ̀lẹ́", wọ́n ti bá tiwọn lọ.

Bàbá Àrówólò padà wá, jálábíà rẹ̀ ṣì ní àpá eérú lára.

"Inú ni ilẹ̀kùn kejì máa ṣí sí," ó ní. "Bí omi bá ti ń pọ̀ sí i, òun fúnra rẹ̀ ló máa máa tì í pa. Màá fi rọ́bà inú táyà yí etí rẹ̀ ká, ẹ̀kán omi kan ò ní jáde."

"Ta ló kọ́ yín?"

"Omi ni. Ṣebí ojú yín ló ṣe kọ́ mi."

Ìṣòro kan wá yọjú. Wọn kì í jó ìjókòó fún ẹni tí wọn ò wọ̀n, ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ tí kì í ṣe ọmọ ìyá kò sì gbọdọ̀ fi okùn kan ìbàdí opó. Bàbá Àrówólò fún Afeefah ní okùn, ó ní kí ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, kí ó wọn ibi tó fẹ̀ dé, kí ó gé okùn síbẹ̀. Afeefah wọ̀n ọ́n dáadáa. Ó gé e dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ó ti mú okùn náà ń bọ̀ lọ́nà, ó nà án wò. Ṣé òun ìyàwó ilé ni òun fẹ́ gbé ìbàdí ìyá ọkọ òun báyìí lọ fún ọkùnrin ọlọ́kùnrin? Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gé díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀.

Ìjókòó tí bàbá náà jó bá okùn mu rẹ́gí. Kò bá Ràṣídátù mu.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dán an wò, kò sí omi nínú báàfù. Ràṣídátù wọlé tòun ti ìró rẹ̀, ó fi ipá ti ara rẹ̀ sórí ìjókòó, kò sì lè dìde mọ́. Bàbá Àrówólò dúró lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta sẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé, kò sì lè dákẹ́.

"Ẹ yí sọ́tùn-ún!"

"Mo ti yí!"

"Ẹ yí sósì!"

"Bàbá Usamah, bí mo bá lè yí sósì, ṣé ibí ni màá ṣì wà?"

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀! Okùn kì í purọ́!"

Afeefah bú sẹ́kún, ó kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ forí jì mí. Èmi ni mo gé okùn náà."

"Èétiṣe?"

"Ọ̀wọ̀ ni, Màmá."

Ọṣẹ ni wọ́n fi yọ Ràṣídátù, ọṣẹ títà orí àtẹ rẹ̀. Nígbà tó jáde tán, ó nu ọwọ́, ó sinmi, ó pe ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Afeefah, láti òní lọ, tó o bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún mi, fi ẹran kún ọbẹ̀ mi. Fi ìbàdí mi sílẹ̀."

Ẹ̀kẹta ló bá a mu. Ràṣídátù kó ọjà kúrò nínú yàrá kékeré tó ń kó ọṣẹ sí, wọ́n sì gbé báàfù síbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ìjà ti tún bẹ́ sílẹ̀, nítorí Bàbá Àrówólò ní ẹni tó wà níhòòhò kò gbọdọ̀ kọjú sí Kíbílà, ìhà tí wọ́n ń kọjú sí kírun, kò sì gbọdọ̀ kẹ̀yìn sí i. Lèmọ́mù fúnra rẹ̀ ní òfin yẹn kò kan ìwẹ̀, ti ìgbọ̀nsẹ̀ ni. "Lèmọ́mù," ni bàbá náà wí, "ṣé ìdí méjì la ní ni?" Ó yí báàfù náà sí ẹ̀gbẹ́. Ọ̀pá tó jó mọ́ ọn lára, èyí tí Ràṣídátù yóò máa fà wálẹ̀ dì mú bó bá ń jókòó, wá lọ gba ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá kọjá. Bó bá ti fà á wálẹ̀, kò sẹ́ni tó lè ti ilẹ̀kùn láti ìta wọlé mọ́.

Ojú ti Bàbá Àrówólò. Ó gbé ayùn irin. "Màá gé e kúrò."

"Ẹ ò ní gé nǹkan kan," Ràṣídátù dá a lóhùn. "Nínú gbogbo ohun tí ẹ ṣe, èyí tí ẹ ò mọ̀ pé ẹ ṣe ló dára jù."

Bí ìwẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe lọ nìyí. Afeefah da omi gbígbóná pọ̀ mọ́ tútù nínú gàrawà ńlá níta, páìpù gbé e gba inú ògiri wọlé. Ràṣídátù ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó fa ọ̀pá wálẹ̀, ó jókòó, ó ti ilẹ̀kùn. Omi gun ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gun orúnkún rẹ̀, ó dé ibi eegun tó yẹ̀. Ó mú kànìnkànìn. Ó fọ ibi tí Afeefah kì í wò. Ó tún un fọ̀. Lẹ́yìn náà ó sunkún, kò sì sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé.

Ó wá fa ìdérí ihò kí omi lè lọ. Omi kò lọ. Ká má purọ́, ó ń lọ, ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà tó ń gòkè ló ṣe ń lọ. Bàbá Àrówólò ní ẹnu ihò kan tó ṣẹ́kù látara táǹkì rẹ̀ ayé àtijọ́, kò sì fẹ́ kí ó ṣòfò. Kò fẹ̀ ju àtàǹpàkò lọ. Ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú kò sì ṣeé ṣí bí omi kò bá tíì gbẹ. Ràṣídátù jókòó nínú omi tó ti di tútù, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

"Bàbá Usamah!"

"Ẹ ṣe sùúrù, Ìyá Mutala!" Ohùn rẹ̀ wá láti ẹ̀yìn ògiri. "Ó ń lọ!"

"Ó ń lọ síbo? Kùmásí?"

Ohùn náà wá padà wá, ó rọlẹ̀ ju bó ṣe máa ń rí lọ. "Ihò náà kéré. Mo jẹ yín ní ihò kan."

"Ìgbà wo lẹ máa san án?"

"Lọ́jọ́ Àlàmísì."

Àlàmísì tó kọ́kọ́ dé, iná kò sí. Ìgbà dúmsọ̀ ni, tí iná ń lọ tó ń bọ̀ bí ẹni ń ṣẹ́jú. Òmíràn dé, ó gbé irinṣẹ́ wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n rọ́bà ilẹ̀kùn ló bẹ̀rẹ̀ sí í tún ṣe, títí ilẹ̀ fi ṣú. Òmíràn dé, ó ní òun ń ronú lọ́wọ́. Gbogbo Àlàmísì ló ní tirẹ̀. Ràṣídátù a bú u, a bu omi fún un mu, a tún bú u.

Àwọn tó rẹ́rìn-ín wá ń mú àlejò wá wo báàfù náà bí ẹni pé àwọn ló jó o. Àwọn aláàánú kan dé, wọ́n wọ ẹ̀wù aláwọ̀ kan náà, wọ́n ní kí Ràṣídátù wọ inú rẹ̀ kí ó rẹ́rìn-ín kí àwọn ya fọ́tò. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wọlé," ó ní, "kí èmi ya yín." Wọn ò padà wá. Ọkùnrin olówó kan ní kí bàbá náà jó ọ̀kan fún ìyá òun. Bàbá Àrówólò lọ wọn yàrá, ó kó okùn fún àwọn ọmọbìnrin ilé, ó kìlọ̀ fún wọn pé kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀wọ̀ gé e. Nígbà tó padà lọ gba okùn, wọ́n ti ra báàfù láti òkè òkun, funfun bí eyín. Ọkùnrin náà fi fọ́tò rẹ̀ hàn án lórí fóònù. "Bàbá, ẹ ò rí i? Ó jọ tiyín gan-an." Bàbá Àrówólò gba fóònù, ó wò ó, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó tún un wò.

"Ihò tiwọn náà kéré," ó ní, ó sì mú okùn rẹ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́ kan ni apá ọ̀tún òun ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kú lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo báàfù tó ti jó, ó ti tà á tàbí ó ti fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ; kò sí ọ̀kan nílé tirẹ̀, ọwọ́ tí ì bá sì fi jó o ló kú yẹn. Àgbàlá Usamah ní Sabon Zongo ni àwọn ọmọ ti ń wẹ̀ ẹ́, lórí pákó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn táǹkì oníke tí Usamah tò sílẹ̀ fún títà. Nígbà tí Ràṣídátù gbọ́, ó ránṣẹ́ pé kí wọ́n gbé e wá sí Nímà, báàfù wà. Bàbá Àrówólò dá ìránṣẹ́ padà: ọkùnrin wo ló ń lọ wẹ̀ nílé opó?

Ràṣídátù bínú débi pé kò lè jẹun. Ó wọ ọkọ̀, tòun ti ọ̀pá, ó lọ bá a. Orí ẹní ló bá a, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, fìlà rẹ̀ wà lórí. Kò kí i. Ó dúró lé e lórí.

"Bàbá Usamah, ta ló ń wẹ̀ yín?"

Ẹ̀gbẹ́ ẹnu bàbá náà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. "Ìyá… yín… ni."

Ràṣídátù fẹ́ rẹ́rìn-ín, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rín. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ ò ní ìtìjú," ó ní. "Ẹ kọ́ ilé fún aládùúgbò, ẹ ń sùn sínú òjò."

"Ihò yẹn," bàbá náà wí.

"Ta ló bi yín léèrè ihò?"

"Àlàmísì… màá wá."

Ọjọ́rú ló kú. Àlàmísì ku ọ̀la.

Àwọn ọkùnrin wẹ̀ ẹ́, wọ́n dì í ní aṣọ funfun, wọ́n gbé e síta. Àwọn tó pè é ní wèrè wà níbẹ̀, wọ́n ń pè é ní ọlọ́gbọ́n. Kí wọ́n tó kírun sí i lára, Lèmọ́mù béèrè bí wọ́n ṣe máa ń béèrè: bí ẹnikẹ́ni bá wà tí òkú yìí jẹ ní gbèsè, kí ó sọ ọ́, kí àwọn ọmọ rẹ̀ san án, tàbí kí ó fi jì í. Láti ibi tí àwọn obìnrin jókòó sí, ohùn kan dìde.

"Ó jẹ mí ní ihò kan."

Ẹ̀rín sọ níbi òkú. Ẹni tó ń gbìyànjú láti dá a dúró ló rẹ́rìn-ín jù. Usamah pàápàá fi ọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Lèmọ́mù ló kọ́kọ́ ṣọkàn gírí. "Ìyá Mutala, ẹ fi jì í, kí ọkàn rẹ̀ má so rọ̀ sórí gbèsè."

Wọ́n ń dúró. Ràṣídátù mọ ohun tí wọ́n ń ní kí òun ṣe, ó sì mọ̀ pé gbèsè yẹn nìkan ló kù láàárín àwọn méjèèjì. Bó bá fi jì í, kí ló wá kù tí yóò máa mú bàbá náà bọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀?

"Mo fi jì í níwájú Ọlọ́run," ó wí nígbẹ̀yìn. Ó wá wo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ká. "Ẹ̀yin tí ẹ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí omi gbé e, n ò fi ji ẹ̀yin."

Nígbà tí àdúrà ọjọ́ kẹjọ parí, Usamah wá sí Nímà pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu irin. Ó ní òun fẹ́ fẹ ihò náà, kí bàbá òun lè sinmi.

"Gbèsè wo lo fẹ́ san?" Ràṣídátù bi í. "Ṣé mi ò ti fi jì í ni?"

"Màmá, omi yẹn á máa pẹ́ o."

"Padà lọ ta ike rẹ, ọmọ mi."

Báàfù náà ṣì wà níbẹ̀. Bí Ràṣídátù bá wẹ̀ tán, a fa ìdérí, a fi aṣọ bo èjìká, a jókòó, a máa wo omi bó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri irin díẹ̀díẹ̀. Ihò náà a máa dún bí àgbàlagbà tó ń họ ọ̀fun kí ó tó sọ̀rọ̀. Ràṣídátù a sọ ìròyìn ọjà fún un: iye tí ọṣẹ ti dà, ẹni tó bí, ẹni tó ṣí lọ. Bí inú bá ń bí i, a bú u.

Níta, Afeefah a kan ilẹ̀kùn tí kò ṣeé ṣí. "Màmá, òtútù á mú yín. Ìgbà wo lẹ máa jẹ́ kí wọ́n wá gbẹ́ ihò yìí?"

"Lọ́jọ́ Àlàmísì," Ràṣídátù a dáhùn.